Màmá Òrìṣàbíyìí Kì í Tajà fún Ẹni Tí Kò Nájà

Kò sí awakọ̀ kan ní gáréèjì Láfẹ́nwá tí kò mọ ìtàn ọkùnrin oníṣẹ́ báńkì tó fẹ́ ra kókóró lọ́wọ́ olóògbé Màmá Òrìṣàbíyìí. Èkó ló ń lọ, ọkọ̀ sì ti kún. Màmá ní ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni. Ọkùnrin náà na owó náà sí wọn.

"Ẹ ò ní ná an ni?"

"Mà, ọkọ̀ ti ń lọ."

"Ẹ gba owó yín. Bí ẹ ò bá ná an, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá mo ti ń tà á wọ́n jù?"

Bọ̀dá Láwàlì, awakọ̀, tẹ fèrè títí. Àwọn èrò pariwo pé, "Ọ̀gá, ẹ ná an ká máa lọ!" Ọkùnrin náà ní òun á san igba náírà. Màmá wò ó látòkè délẹ̀.

"Igba kẹ̀? Ṣé olè ni yín ni?"

Fisáyọ̀, ọmọ ọmọ wọn tó ń bá wọn di kókóró sínú ọ̀rá, ti sá sẹ́yìn tábìlì. Òun lojú ń tì.

Ẹni tó bá ní kókóró Màmá dùn, "ẹ ṣeun" lásán ló máa gbà. Ẹni tó bá ṣàròyé ni wọ́n ń fún ní èènì, torí wọ́n ní òun ló kọ́ àwọn níṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Òṣíẹ̀lẹ̀ tètè gbọ́n. Wọ́n á kó kókóró sẹ́nu, wọ́n á fajú ro: "Màmá, ata ti pọ̀ jù o!" Bẹ́ẹ̀ kókóró náà ò rí ata sójú rí.

Nígbà tí ṣúgà wọ́n gógó, Màmá fowó kún ọjà. Aishat, oníkókóró kejì, gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé ẹnu géètì, ó ń polówó tirẹ̀ ní pọ́ọ́kú. Ọjà Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sínú garawa. Màmá ní bí oṣù bá parí báyìí, àwọn á kógbá sílé.

"Fisáyọ̀, lọ polówó."

Fisáyọ̀ dúró lẹ́bàá títì, ó lanu, ohùn ò jáde. Omijé ló gbé padà wá. Màmá ò bá a wí. Wọ́n fa pátákó kan lé e lọ́wọ́.

"Gbogbo àròyé táwọn èèyàn ń ṣe, ṣebí o gbọ́ ọ? Kọ ọ́ síbí."

"Màmá, ta ló ń fi èébú polówó ọjà?"

"Ẹni tí èébú ẹ̀ bá jẹ́ òótọ́."

Fisáyọ̀ rò ó títí, ó wá kọ ọ́ gàdàgbà: KÓKÓRÓ YÌÍ WỌ́N, Ó SÌ LE. ẸNI TÍ EYÍN RẸ̀ BÁ Ń MÌ, KÓ MÁA BÁ TIRẸ̀ LỌ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èrò kan kà á sókè, gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Baba arúgbó kan fìbínú bọ́ sílẹ̀. "Ta lẹ ń pè ní eléyín mímì? Ẹ di méjì fún mi!" Kí oṣù tó parí, garawa ti ń ṣófo kí oòrùn tó mú.

Màmá papò dà lásìkò ọyẹ́ tó kọjá. Bọ̀dá Láwàlì wà lára àwọn tó wá kí ilé. Ó béèrè ẹni tó kọ pátákó yẹn, ìyá Fisáyọ̀ sì tọ́ka sí ọmọ wọn, tó ti fẹ́ sá wọ yàrá.

"Àṣé ìwọ ni! Tí o bá ti kúrò nídìí ọjà, gbogbo ẹni tó bá dúró kà á ni Màmá ń sọ fún pé, 'Ọmọ mi ló kọ ọ́. Ẹ má wò ó bó ṣe dákẹ́ un, inú bírò lẹnu ẹ̀ wà.'"

Fisáyọ̀ ò gbọ́ ọ rí. Ó kúnlẹ̀ láti dúpẹ́, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹkún tẹ̀lé e. Nígbà tí "ẹ ṣeun" jáde nígbẹ̀yìn, ó jáde ketekete, kì í sì í ṣe Bọ̀dá Láwàlì nìkan ló ń kí.