Ìgbòkun Kékeré Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Bèèrè

Ẹ̀gbọ́n mi sanra, ó sì ga. Láti kékeré wa ní Èkìtì, tó bá ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹni tó wà ní ìkángun kejì á gbéra díẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ tó ní ká mú ìgbòkun kékeré, mo kọ́kọ́ rò pé ó ń fi mí ṣàwàdà ni.

Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi fáíbà ṣe táǹkì omi ló ti ń ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn nígbà ayé àwọn ológun fẹ́ràn pákó kan tí wọ́n fi ń bá ara wọn díje lórí omi. Gígùn rẹ̀ tó ìdùbúlẹ̀ èèyàn méjì. Wọ́n á ri òpó àti ìgbòkun, aṣọ fífẹ̀ tó ń gba afẹ́fẹ́, mọ́ ọn, èèyàn á dúró lé e, á di ọ̀pá ìgbòkun mú, afẹ́fẹ́ á sì máa gbé e lọ. Òyìnbó kọ́ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi kọ́ èmi. Nígbà tí òyìnbó ń padà sílùú rẹ̀, ó fi pákó náà sílẹ̀ fún un. Ó ti gbó nígbà yẹn, àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n bí eyín arúgbó, ó sì wúwo, ṣùgbọ́n bó bá rí afẹ́fẹ́ tó wù ú, a máa sáré. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí ẹ̀gbọ́n mi háyà ní Ìfàkọ̀ ló ń gbé e sí, tí àwọn ayálégbé yòókù ń fẹsẹ̀ kọ ọ́, tí wọ́n ń ráhùn.

Ìgbòkun mẹ́ta ló bá a wá: ńlá, àárín àti kékeré. Lẹbẹ rẹ̀ jẹ́ méjì, gígùn kan, kúkúrú kan. Ìsàlẹ̀ pákó lápá ẹ̀yìn ni lẹbẹ máa ń wà, bíi ti ẹja, òun ni kì í jẹ́ kí ìdí pákó máa yọ̀ káàkiri. Inú yíyàn wọn ni ọgbọ́n wà. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe le tó ni ìgbòkun á ṣe kéré tó. Bí ẹni tó fẹ́ gùn ún bá ṣe wúwo tó ló ṣe máa tóbi tó. Ìgbòkun ńlá ń fẹ́ lẹbẹ gígùn, kékeré ń fẹ́ kúkúrú. Bí ẹni tó fúyẹ́ bá lo lẹbẹ tó gùn jù, tí eré bá ti wọ̀ ọ́, lẹbẹ á gbé ẹ̀gbẹ́ kan pákó sókè, á sì da onítọ̀hún sómi. Ẹ̀gbọ́n mi kò yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí èyí rí. Ńlá àti gígùn ni tirẹ̀. Èmi tí mo tín-ín-rín ni mò ń lo ìyókù.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, kò tíì pẹ́ tí àwọn ológun gbé ìjọba fún àwọn alágbádá. Gbogbo wa là ń retí pé nǹkan á yí padà, ṣùgbọ́n láti Ọ̀gbà dé Agége, ńṣe ni àwọn iléeṣẹ́ ń ti géètì wọn. Ti ẹ̀gbọ́n mi kò tíì tì. Wọ́n á ṣiṣẹ́ lónìí, wọ́n á jókòó sílé lọ́la. Mo gbéra láti Àgídìngbì lọ bá a. Ó ti tẹ́ àwọn ìgbòkun sílẹ̀ ní àgbàlá. Òjò kò jẹ́ ká ríra fún ìgbà pípẹ́, nígbà tó sì nàró láti kí mi, mo rí i pé ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń fẹ́ lọ fẹ́ bọ̀ lára rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ mà ti rù o."

"Ta ni kò rù ní Nàìjíríà? Kékeré la máa mú lónìí."

Mo wo igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé. Ewé rẹ̀ ò fẹ́ẹ̀ mì.

"Pẹ̀lú afẹ́fẹ́ yìí? Kékeré ò ní gbé yín kúrò létí omi."

"Àbúrò, mo ní kékeré."

Ó bá wọlé lọ mu omi. Ìyàwó rẹ̀, tó ń sá aṣọ, sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọkọ mi, ẹ bá mi bá ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀. Omi tí wọ́n ń mu kì í pa òùngbẹ wọn. Ibi tí wọ́n bá tọ̀ sí, eèrà ló ń bò ó. Mo ti dín ìbàdí ṣòkòtò wọn, mo tún ti dín in. Tí mo bá ní ká lọ sí ọsibítù, wọ́n á ní ìrònú iṣẹ́ ni."

Ẹ̀rù bà mí. Irú àìsàn tí eèrà ń tẹ̀lé yìí ló pa bàbá wa, lẹ́yìn tí wọ́n ti gé e lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló dúró tì í lọ́jọ́ tí wọ́n gé e, kò sì sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni rí.

Nígbà tó jáde, ẹnu mi ò gbà á láti dárúkọ àìsàn náà. Ọ̀rọ̀ ìgbòkun ló yá mi lára jù. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká mú ti àárín, ká fi lẹbẹ kúkúrú sí i. Ewéko ti bo ọ̀sà, lẹbẹ kúkúrú sì tẹ̀ sẹ́yìn, kò ní máa kó ewéko."

Ó rò ó wò. "Ó dáa. Ti gígùn á tilẹ̀ gbé mi ṣubú."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé òun náà mọ̀ pé òun ti fúyẹ́.

A háyà ọkọ̀ akẹ́rù kan, a gbé pákó dé etí ọ̀sà lápá Ọ̀wọ́rọ̀ńṣòkí. Afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọ̀nà òkun. Ẹ̀gbọ́n mi gun pákó, ó fa ìgbòkun sókè, ó sì lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ gún, omi ń pín sọ́tùn-ún sósì níwájú rẹ̀, ọkàn mi balẹ̀. Ó wá fẹ́ yí padà, ìgbòkun bá ṣubú sómi. Ìyẹn kì í ṣe bàbàrà. Èèyàn á kàn di okùn mú, á fà á dìde. Ó fà á, kò dìde. Ó tún fà á, okùn já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ló bá jókòó sórí pákó, ó káwọ́ lé itan, afẹ́fẹ́ ń gbé e wọnú ewéko lọ.

Mo sáré bá apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn." Kò bi mí ní nǹkan kan, ó ti ọkọ̀ rẹ̀ sómi, a wà á la àárín ewéko kọjá. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí lórí pákó.

"Bọ̀dá, kí ló gé yín lẹ́sẹ̀?"

Ó wo ẹsẹ̀ náà bí ẹni ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. "Ó gé mi ni? Mi ò mọ̀."

Létí omi, bí mo ṣe ń fi aṣọ di ojú ọgbẹ́, ó ní, "Mo rò pé tí mo bá lè lọ kí n sì bọ̀, á jẹ́ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe mí."

"Ṣé irú ti Bàbá ni?"

"Mi ò fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu dókítà ni." Ó bú sẹ́kún. Kò sunkún níbi ìsìnkú bàbá wa.

A ò padà sí Ìfàkọ̀. Ọsibítù kan n'Íkẹjà ni mo gbé e lọ tààrà. Wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Egbò ẹsẹ̀ náà kọ̀, kò jiná, wọ́n sì gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì. Ojoojúmọ́ ló ń bi dókítà bóyá ibẹ̀ náà ló máa dúró sí. Dókítà ò ṣèlérí. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló dúró sí. Kó tó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, iléeṣẹ́ wọn ti ti géètì tirẹ̀ náà, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ ló sì ń bọ́ ilé.

Kò gun pákó mọ́. Èmi ló ń lọ, òun á tẹ̀lé mi, á wọ bàtà rẹ̀, á jókòó sétí omi, á sì bá mi yan ìgbòkun. Nígbà tó ṣe, ojú rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó wá di pé kó tó dá sí i, á kọ́kọ́ bi mí pé, "Báwo lojú omi ṣe rí?"

Ní ọ̀sán kan, mo sọ fún un pé ìfófòó funfun ti ń yọ lókèèrè. Ó ní afẹ́fẹ́ ti le nìyẹn, kí n mú kékeré, mo mú un. Nígbà tí mo wẹ̀yìn láti àárín omi, ó ti dìde dúró, ó ń juwọ́ sí mi, ṣùgbọ́n ibi tí mi ò sí ló kọjú sí.