Láyà Tí Ọkọ Mi Gbẹ́

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi balẹ̀ lọ́dún 2006, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Ọkọ mi ti tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Nígbà tí dókítà kan ní Cheverly, nílùú òyìnbó tí à ń gbé, sọ fún wa pé yóò máa burú sí i ni, ó lọ yá ìwé kan ní láíbìrì. Àwòrán láyà wà nínú rẹ̀, ohun èlò orin àwọn ará Yúróòpù láyé àtijọ́: igi kan tí wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀, pákó fẹ́lẹ́ lójú, okùn mẹ́fà lórí. Ọwọ́ òsì á dí okùn tí kò gbọdọ̀ dún, ọwọ́ ọ̀tún á máa gbá ìyókù lọ, gbá a bọ̀. Ó ní èyí kò béèrè ìka tó yá. Ó fẹ́ fi í kọ orin kan ṣoṣo ní ìkórè, kí ọwọ́ òun tó kọ̀ pátápátá.

Gáréèjì wa ní Hillcrest Heights di ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Oṣù mẹ́rin ló fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n gbẹ́ ẹ. Èmi tí n kò gbẹ́ ṣíbí rí ni mo wá di ọ̀gá.

"Dádì, six strings kẹ̀? Ten strings la máa ń kọ lórin ní church, bó ṣe wà nínú Bíbélì. Ẹ jẹ́ kó pé, jàre," ni mo wí fún ọkọ mi.

"Mọ́mì, àwọn tó ṣe é mọ ìdí tí wọ́n fi fi mẹ́fà sí i."

"Ṣé àwọn ló máa jókòó sí front row ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lu ihò mẹ́rin sí i sára igi òkè tí èèkàn tí à ń so okùn mọ́ wà. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìkórè, bó ṣe ń fa okùn kẹsàn-án le, igi náà là sí méjì. "Kò burú, màá gbẹ́ òmíràn," ló wí. Ó ra igi. Ìkórè kọjá, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbé ọ̀bẹ mọ́.

Nígbà tó yá, orí bẹ́ẹ̀dì ló ń wà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo rí i tí ọwọ́ òsì rẹ̀ tẹ́ sórí àyà, tí ọ̀tún ń gbá búláńkẹ́ẹ̀tì lọ, gbá a bọ̀.

"Mọ́mì, bá mi gbè é."

Mo dá orin kan. Ó mi orí pé rárá. Mo dá òmíràn, ó tún mi orí, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró. Gbogbo oṣù tó fi ń gbẹ́ igi yẹn, iye okùn ni mo ń bá a jà sí. N kò bi í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé orin wo ló fẹ́ fi í kọ. Títí a fi sin ín, n kò mọ̀ ọ́n.