Ẹni Tó Ba Hínjì Jẹ́

Kò-Sí-Gúlù ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu ju èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ lọ. Láptọ́ọ̀pù ló ń tún ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò fẹ̀ ju balùwẹ̀ lọ. Bí o bá gbé èyí tí hínjì rẹ̀ ti dẹ̀ wá, ìyẹn irin kékeré méjì tó so ojú láptọ́ọ̀pù mọ́ ìdí rẹ̀, tí o ní kó kàn fi gúlù lẹ̀ ẹ́ kí o máa lọ, ìwàásù tí wàá gbọ́ á pẹ́ kó tó tán. Gúlù kì í ṣe àtúnṣe, á ní. Irọ́ tó gbẹ ni.

Aago ló ń tún ṣe tẹ́lẹ̀, kí fóònù tó gba aago lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ibẹ̀ ló ti kọ́ àṣà àti máa to gbogbo síkúrù tó bá tú sínú àwo funfun, bí wọ́n ṣe jáde gẹ́lẹ́. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ tún ní kó máa fi àmì sínú ohunkóhun tó bá ṣí, kó lè mọ iṣẹ́ ara rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá padà wá. Kútẹ́ẹ̀sì pupa tí ìyàwó rẹ̀ fi ń kun èékánná ló ń lò, ẹ̀kán kan ṣoṣo tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ìyàwó ti ráhùn títí, ó ti sú u.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, obìnrin kan wọlé, ẹni tó ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé, Ìyá Atẹ̀wé ni wọ́n ń pè é. Ó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ mọ́yà bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá. Bó ṣe ṣí i lórí tábìlì, ojú láptọ́ọ̀pù náà ṣubú sẹ́yìn. Ó gbé e dìde, ó ń mì bí eyín arúgbó. Agolo bisikíìtì ló ní òun fi ń tì í lẹ́yìn nílé.

Kò-Sí-Gúlù béèrè ohun tó ṣe é. Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ó ní ọmọbìnrin òun kan ṣoṣo ni, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Òun ń kọ́ ọ ní títẹ̀wé, ìgbà tó yá, òun rí i pé ẹ̀gbẹ́ hínjì ti là. Ọmọ ní òun kọ́. Òun ní ta wá ni, nígbà tó jẹ́ pé àwa méjì la kù nínú ilé? Ọmọ búra, ó sunkún, òun sì pè é ní òpùrọ́ níwájú àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin tó wá kí wọn. Ọjọ́ yẹn gan-an ló bá àǹtí rẹ̀ lọ. Oṣù mẹ́jọ rèé, kò padà wálé. Bí òun bá sì pè é lórí fóònù, á kí òun bí ẹni ń kí aládùúgbò.

"Ká ní ó jẹ́wọ́ ni," ni Ìyá Atẹ̀wé wí, "mi ò bá ti gbàgbé. Irọ́ yẹn ló dùn mí."

Kò-Sí-Gúlù ní bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe rí nìyẹn, igun kan ojú láptọ́ọ̀pù ni wọ́n ń dì mú, wọn á já a sókè bí ìdérí ìkòkò. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, ṣùgbọ́n ta ló ń rántí ìyẹn tó bá ti jókòó sórí àga ọ̀gá?

Ó da ojú láptọ́ọ̀pù dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Síkúrù kẹrin ló dá a dúró. Síkúrù gígùn ni, inú ihò kúkúrú ló sì ti jáde. Gígùn rẹ̀ ti kọjá àyè, ó ti ti ike tó di hínjì mú láti abẹ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i tí wọ́n sì pa á dé ni ike náà ń là díẹ̀díẹ̀, títí ó fi fọ́.

Inú bí i. Àwọn oníbàárà méjì tó jókòó gbọ́ èébú lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ yìí, apẹran ni, àdá ló yẹ kó mú dání. Ó ní bí síkúrù bá ń bá èèyàn jà nínú ihò, síkúrù ló jàre. Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Ó wá bi Ìyá Atẹ̀wé pé ta ló tú u rí. Ìyẹn ní òun ò mọ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tó ń gbóná, ọkọ òun tó ti dolóògbé ló gbé e lọ síbì kan.

Kò-Sí-Gúlù fẹ́ eruku abẹ́ hínjì kúrò. Nǹkan pupa kan yọ.

Ó kọ́kọ́ rò pé irin ti gé òun. Ó wo ìka rẹ̀, kò sí ọgbẹ́. Ó fi èékánná ha á. Kútẹ́ẹ̀sì ni. Ẹ̀kán kan ṣoṣo, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ.

Àmì ọwọ́ ara rẹ̀ ni. Ọjọ́ náà padà wá sí i lọ́kàn kedere: ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó gbé láptọ́ọ̀pù gbígbóná wá, ìgbọ̀nwọ́ òun tó gbá àwo dànù, síkúrù mọ́kànlá tó fọ́n ká ilẹ̀. Ó ṣa mọ́kọ̀ọ̀kànlá, ó ní wọ́n pé, kí ló tún kù? Ọ̀kan bá a jà. Ó fi tipá yí i wọlé.

Òwú tó rẹ sínú sípíríìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá nù ún lẹ́ẹ̀kan péré, àmì á parẹ́, apẹran á sì máa jẹ́ ẹlòmíì títí ayé. Ẹni tó lè jẹ́rìí ti kú. Ó gbé òwú náà dé etí àmì.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ti rí ibi tí ọmọ yẹn ti fọ́ ọ?" ni Ìyá Atẹ̀wé béèrè.

Ó gbé òwú náà sílẹ̀.

"Ìyá wa, ọmọ yín kọ́ ló fọ́ ọ. Èmi ni."

Ó fi ẹ̀kán pupa náà hàn án, ó mú ìgò kútẹ́ẹ̀sì jáde látinú dúrọ́ọ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Kò-Sí-Gúlù tẹ orí ba, ó ń retí èébú, èébú ò wá. Ìyá Atẹ̀wé di etí tábìlì mú, ó rọra jókòó.

"Ó sọ fún mi," ó ní. "Ọmọ yìí sọ fún mi."

Nígbà tó dìde, ó ní kó fún òun ní síkúrù gígùn yẹn. Ó dì í sínú áńkáṣíìfù, ó ní ọ̀dọ̀ ọmọ òun ni òun ń lọ, ó jáde, kò tiẹ̀ béèrè ìgbà tí iṣẹ́ máa parí.

Lọ́jọ́ kẹta, Kò-Sí-Gúlù ti wá ike ìdí tuntun, ó sì ti fi sí láptọ́ọ̀pù náà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyá Atẹ̀wé dé, ọmọbìnrin rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ọmọ náà kí ọ̀gá, ó dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò bá ìyá rẹ̀ sọ nǹkan kan. Kò-Sí-Gúlù, àgbà tó tó bí i lọ́mọ, ṣí fìlà, ó bẹ̀ ẹ́. Ó wá ní kó wá ṣí láptọ́ọ̀pù náà wò.

Ọmọ náà lọ́ra kó tó sún mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ òsì di ìdí rẹ̀ mú, ó fi àtàǹpàkò ọ̀tún sí àárín gbùngbùn etí ojú rẹ̀, ó gbé e sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń ká aṣọ kúrò lára ìkókó tó ń sùn. Hínjì ò dún. Kò-Sí-Gúlù la ẹnu, kò lè pa á dé. Nínú gbogbo oníbàárà rẹ̀, kò rí ẹni márùn-ún tó ń ṣí i bẹ́ẹ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ṣí i báyìí?"

Ọmọbìnrin náà gbójú sókè, ó wo ìyá rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà.

"Mọ́mì ni," ó ní. "Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti kọ́ mi. Mi ò ṣí i lọ́nà míì rí."

Ìyá Atẹ̀wé káwọ́ lérí.