Ìyá Bíréèkì Lórí Òkè Yanrìn

Obìnrin tó bá mọ ọkọ̀ wà dáadáa ní ìlú Al Ain, nílẹ̀ Lárúbáwá, tí kò sì rántí dúpẹ́ lọ́wọ́ Hamda bint Suroor, abaramóorejẹ ni. Òun ló kọ́ mi. Òun ló kọ́ ìyá àti ọmọ ní àdúgbò wa. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú bíréèkì kejì lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀, tó ń kó wa yọ lọ́wọ́ ikú. Kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni nínú mọ́tò. Ẹ̀ẹ̀mejì ló dá mi padà sílé, ó ní mo ń wo ìsọ̀ aláṣọ ju ojú ọ̀nà lọ. Irọ́ kọ́ o, àmọ́ ó dùn mí. Ọjọ́ tí mo yege, ó ra tíì kárákì, tíì oníwàrà wọn, fún mi, ó ní, "Ìyá Dèjì, wàyí o, o ò ní pa ẹnì kankan." Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ Hamda lọ́kàn. Abẹ́ igi ghaf kan, igi tó máa ń hù ní aṣálẹ̀, ni ìyá rẹ̀ bí i sí, létí kànga Bir Ghanima, ní àárín aṣálẹ̀ gúúsù, nígbà tí wọ́n ṣì ń da ràkúnmí kiri. Kò tíì rá nílẹ̀ tí wọ́n fi kó wọ ìlú, wọn ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ìyá náà ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ báyìí, ó ń fẹ́ kí ọmọ òun kan lọ bá òun kí ibẹ̀ kí òun tó kú. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ṣèlérí títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n. Hamda ní òun á lọ, ọwọ́ ara òun lòun ó sì fi wakọ̀ débẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kì í dá wọ aṣálẹ̀ yẹn. Ẹgbẹ́ ni wọ́n ń bá wọ̀ ọ́: ọ̀wọ́ ọkọ̀ gìrìwò, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, àsíá gogoro lórí kálukú kí wọ́n lè máa rí ara wọn láàárín òkè yanrìn. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń tọ́ ọmọ-ọmọ, Hamda lọ ra ògbólógbòó ọkọ̀ Patrol, ó wọ ẹgbẹ́ awakọ̀ aṣálẹ̀. Èmi náà ń bá a lọ. N kì í wakọ̀ níbẹ̀ o, ìrẹsì ẹlẹ́ran tí wọ́n ń sè lágọ̀ọ́ ni mo ń bá lọ.

Yéè! Ẹni tó kọ́ gbogbo ìlú ni yanrìn wá ń nà lẹ́gba. Tí o bá fẹ́ gun òkè yanrìn, ìsàlẹ̀ ni wàá ti kó agbára jọ. Tí o bá kù díẹ̀ kí o dé orí rẹ̀, wàá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ọkọ̀ á fúnra rẹ̀ rọra dà sí òdì kejì. Ṣùgbọ́n tí o bá tẹ bíréèkì lórí góńgó, ikùn ọkọ̀ á jókòó sórí yanrìn, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa jà fìtàfìtà lófuurufú bí ti ahun tí wọ́n gbé ka orí òkúta. Ẹsẹ̀ Hamda ò sì mọ iṣẹ́ mìíràn ju bíréèkì lọ. Gbogbo orí òkè ló ń tẹ̀ ẹ́. Shibu, ọmọ ilẹ̀ Kerala tó ń wa ọkọ̀ ẹ̀yìn pátápátá, tí okùn ìfàkọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló sọ ọ́ ní Ìyá Bíréèkì. Orúkọ náà mọ́ ọn lára.

Ayé ń yí, à ń tọ̀ ọ́. Ẹni tó ń ṣáájú ọ̀wọ́ ọkọ̀ wa ni Wadima, ọmọbìnrin tí Hamda dá padà sílé lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó yege lójú títì.

Nígbà òtútù ọdún tó kọjá, ẹgbẹ́ dá ìrìn àjò sí Bir Ghanima. Òfin Wadima kò ṣòro: ẹni tó bá há lẹ́ẹ̀mẹta, ọkọ̀ kan á sìn ín padà sójú títì, nítorí ilẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni kó tó ṣú. A dín afẹ́fẹ́ táyà kù kó lè fẹ̀ lórí yanrìn, a gbéra láàárọ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, Hamda ti há lẹ́ẹ̀mejì.

Shibu ń fi ṣọ́bìrì gbẹ́ yanrìn lábẹ́ ọkọ̀ wa, ó ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀. "Ìyá Bíréèkì, bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kọ́lé síbí ni, ẹ tètè sọ, kí n lọ ra búlọ́ọ̀kù wá."

"Shibu, fa okùn rẹ, kí o panu mọ́!" ni Hamda ké mọ́ ọn.

Òkè kan ló kù, kànga wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkè náà ga débi pé mo tẹ orí sẹ́yìn kí n tó rí òpin rẹ̀. Wadima fẹsẹ̀ rìn wá sí fèrèsé wa, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Olùkọ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ n bá yín wà á kọjá. Kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́ síta."

Hamda wò ó. "Ẹ̀ẹ̀kẹrin tí mo dá ọ padà, kí lo sọ fún mi?"

"Mo ní ìgbéyàwó mi ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sunkún."

"Ṣé mo gbà?"

"Ẹ ò gbà. Mo ń ṣépè fún yín títí mo fi délé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Padà sídìí ọkọ̀ rẹ, ọmọ mi."

Inú bí mi. "Hamda, ṣé orí rẹ pé ṣá? Ká débẹ̀ là ń wá! Ta ló fẹ́ bi ọ́ léèrè ẹni tó wakọ̀?"

"Èmi ni màá bi ara mi."

Ó gbé ọwọ́ lé ìdarí ọkọ̀. Ó fa bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀ le, ó tún fà á lẹ́ẹ̀kejì. Obìnrin tí gbogbo Al Ain ń bẹ̀rù, ẹ̀rù ń bà á.

"Ìyá Dèjì," ó ní, "nínú ọkọ̀ yìí, ta ni ò mọ ọkọ̀ wà?"

"Ìwọ ni."

"Kí ni mo máa ń ṣe fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n wà?"

"Èébú lo máa ń bù lù ú."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Lẹ́yìn èébú ńkọ́?"

"O máa ń kọ́ ọ."

Ó na ẹ̀yìn, ó tún dígí ṣe, ohùn olùkọ́ tí mo ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá sì jáde lẹ́nu rẹ̀. "Hamda! Gbé ojú sókè. Tẹná. Tẹ̀ ẹ́ sí i, ta ló ń lé ọ? Mú ìdarí tọ́." Patrol ké, ó gbá yanrìn mọ́lẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. "Má dẹwọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Gbé ẹsẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀."

Ojú ọ̀run nìkan ló kù níwájú wa. Mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbéra, tó ń lọ síbi bíréèkì.

"Hamda!" Ó jágbe mọ́ ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èmi náà fò sókè. "Ta ló ní kí o fẹsẹ̀ kàn án? Fi gìgísẹ̀ balẹ̀!"

Ẹsẹ̀ náà balẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀. Mo di ojú, mo ń pe gbogbo orúkọ Ọlọ́run tí bàbá mi kọ́ mi. Imú ọkọ̀ kọjú sísàlẹ̀, yanrìn ń hó lábẹ́ wa, a sì ń sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí mo la ojú, a ti wà nísàlẹ̀.

"Olùkọ́ ti kọjá!" Wadima ń pariwo nínú rédíò tí a fi ń bára wa sọ̀rọ̀. "Ẹ gbọ́ o, olùkọ́ mi ti kọjá!" Fèrè ọkọ̀ gba gbogbo aṣálẹ̀. Hamda bọ́ sílẹ̀, ó ń jó lórí yanrìn gbígbóná láìwọ bàtà, inú mi dùn débi pé mo sunkún. Shibu tó kù lẹ́yìn rẹ́rìn-ín títí tí òun náà fi há sórí góńgó. Ta ló lọ fà á sọ̀ kalẹ̀? Hamda ni. Kò sì fi èébú jẹ ẹ́ níyà, ó kàn bi í pé yàrá mélòó ló fẹ́ kọ́.

Yanrìn ti dí kànga náà, òkúta etí rẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Ṣùgbọ́n igi ghaf wà níbẹ̀, ó tóbi, ó ní ewé. A pàgọ́ sítòsí rẹ̀. Kí ìrẹsì tó jinná, Wadima gbé fóònù tó ń gba ojú sánmà ṣiṣẹ́ wá, Hamda sì pe ilé.

"Ìyá, mo ti dé Bir Ghanima."

Ohùn arúgbó náà dún ketekete. "Ta ló gbé ọ débẹ̀?"

"Èmi ni mo wa ara mi wá."

A gbọ́ tí arúgbó náà pàtẹ́wọ́.

"Lọ́jọ́ tí mo bí ọ," ìyá náà ní, "ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ wí pé obìnrin ló dé, obìnrin ò lè mọ̀nà aṣálẹ̀. Ó ti kú báyìí, à bá sọ fún un. Ṣé ibẹ̀ lẹ máa sùn?"

"Ibẹ̀ la máa sùn."

"Sùn sábẹ́ igi yẹn, ọmọ mi. Èmi náà á sùn dáadáa lónìí."