Kẹ̀kẹ́ Tí Màmá Mi Tìtorí Rẹ̀ Gbààwẹ̀

Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun ìgbádùn. Ẹni tó bá ń gùn ún, yálà kò tíì ní owó mọ́tò, tàbí owó mọ́tò ti tán lọ́wọ́ ẹ̀. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ títí mo fi dé Maryland, tí òyìnbó àgbàlagbà kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan nítòsí Greenbelt fi kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan hàn mí. Ó fúyẹ́ débi pé ọwọ́ kan ni mo fi gbé e. Ọkùnrin yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀ sì le bí ọmọ odó. Sátidé àkọ́kọ́ tó mú mi jáde, mo bì sí etí títì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fi máa dé, kò sí Sátidé tí n kì í jí ṣáájú oòrùn.

Glenn Dale là ń gbé nígbà náà, ojú irin àtijọ́ kan tí wọ́n ti sọ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ sì wà nítòsí ilé wa. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àbíkẹ́yìn wa ni, ó sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Nítorí náà, Màmá mi fi ilé ẹ̀ ní Ìbàdàn sílẹ̀, ó wá bá wa tọ́jú ọmọ.

Ohun tí Màmá wá rí rèé: ọmọ ẹ̀ tó ti di èèyàn ní Amẹ́ríkà wọ ṣòkòtò péńpé tó lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó de akoto, ó gun kẹ̀kẹ́ jáde ní kùtùkùtù, mọ́tò ẹ̀ sì wà nílẹ̀ gbalaja. Kò bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹran kún oúnjẹ mi ni.

Lọ́jọ́ kan tí mò ń ti apá Springdale bọ̀, tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí òkè kan, mọ́tò kan rọra sún mọ́ mi. Ọ̀gbẹ́ni kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wa ló wà nínú ẹ̀. Ó yọ orí jáde.

“Bùrọ̀dá, ẹ wọlé, ẹ jẹ́ n gbé yín. Màmá ti sọ fún wa ní prayer meeting pé mọ́tò yín ti bàjẹ́. Mọ́tò lásán ni, sà, Ọlọ́run á pèsè òmíràn.”

“Mọ́tò mi wà nílé o. Exercise ni mò ń ṣe.”

Ó wò mí bí ẹni tó ti gbọ́ irú ẹ̀ rí. “It is well, sà,” ló sọ, ó sì ti ṣí bùútù. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti gbé kẹ̀kẹ́ síbẹ̀, ó sì gbàdúrà fún mi délé.

Nígbà tí mo ròyìn ẹ̀ fún ìyàwó mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ká ní mo ti wọ yàrá Màmá lọ lọ́jọ́ yẹn ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀. Mi ò wọlé. Ó dùn mọ́ mi nínú pé mo rí nǹkan fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni òyìnbó yìí ní ká lọ gun kẹ̀kẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ní Ítálì, láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ odò ńlá tí wọ́n ń pè ní Po títí dé orí àwọn òkè tí wọ́n ń gbin àjàrà sí. Ìyàwó mi gbà. Ó ní, “Ẹ máa lọ, Dàdí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa sọ fún Màmá o. Èmi ò ní bá yín parọ́.”

Mo lọ bá Màmá. Ó ti pọn ọmọ mi sẹ́yìn, ó ń ká aṣọ ọmọ. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún obìnrin tó fi ilé ẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọmọ mi, pé èmi fẹ́ wọ bàálù sọdá òkun lọ gun kẹ̀kẹ́? Ojú tì mí. Ni ẹnu mi bá sọ fúnra ẹ̀ pé, “Mò ń rìnrìn àjò, Màmá. Iṣẹ́ ni.”

“Níbo?”

“Ítálì.”

Ojú Màmá yí padà. Lásìkò yẹn, ìròyìn kan ṣoṣo làwọn ìyá nílé mọ̀ nípa Ítálì: àwọn ọmọ tó fẹsẹ̀ rin aṣálẹ̀, àwọn tí òkun gbé lọ, àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n tàn lọ síbẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń ṣe ìṣirò ẹ̀ níkùn: mọ́tò ti bàjẹ́, iṣẹ́ náà ti bọ́, ó wá ku Ítálì. Ó di ọwọ́ mi mú.

“Ọmọ mi, kò sí iṣẹ́ tó burú béèyàn bá fi òógùn ojú ẹ̀ ṣe é. Màá gbààwẹ̀ títí wàá fi padà. Mi ò ní kan oúnjẹ lójoojúmọ́ àyàfi tílẹ̀ bá ṣú.”

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. Ohun tí mo sọ ni pé, “Ẹ ṣé, Màmá.”

Kí n má parọ́ mìíràn kún un: ọjọ́ àkọ́kọ́ ní Ítálì dùn mọ́ mi kọjá àlà. Ilẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Orí ògiri erùpẹ̀ tí wọ́n mọ kí odò má baà kún wọ̀lú là ń gùn, omi dúró nínú oko ìrẹsì lápá kan, àwọn ẹyẹ funfun tó jọ lékeléke ń ṣọdẹ nínú ẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń tì wá lẹ́yìn. Orin ìyìn ni mò ń kọ. Lọ́sàn-án, a yà jẹun, mo jẹ àwo ìrẹsì méjì, mo sì fi búrẹ́dì nu àwo. Mi ò rántí ìyá ẹnikẹ́ni.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo tẹ ìyàwó mi láago. Ó ní, “Màmá ò jẹ nǹkan kan láti àárọ̀. Lánàá, òòyì kọ́ wọn nígbà tí wọ́n gbé ọmọ, ọpẹ́lọpẹ́ pé mo wà níbẹ̀. Àgbàlagbà ni wọ́n, Dàdí. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní àfi tẹ́ ẹ bá dé. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn.” Ó gbé fóònù fún wọn.

“Ọkọ mi,” Màmá wí, ohùn ẹ̀ sì ti tín-ín-rín, “ṣé iṣẹ́ náà ò pọ̀ jù? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kó o sinmi?”

Ìrẹsì ọ̀sán ṣì wà níkùn mi. Mo ní, “Ó ń lọ dáadáa, Màmá.”

Mi ò sùn dáadáa. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀: èmi náà á gbààwẹ̀. Bí ebi bá ń pa Màmá, kó máa pa èmi náà. Ẹ wo ọgbọ́n òmùgọ̀! Ó rọ̀ mí lọ́rùn láti febi pa ara mi ju kí n la ẹnu sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ yẹn gan-an la bọ́ sórí òkè. Àjàrà tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ bí ebè iṣu láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ṣọ́ọ̀ṣì kan sì wà lórí òkè kọ̀ọ̀kan. Òyìnbó fún mi ní ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo kọ̀. Ó tún fún mi ní àkàrà òyìnbó, mo ní inú mi kún. Òkè àkọ́kọ́ lọ, ìkejì lọ. Lórí ìkẹta, ojú mi ṣú, òógùn tútù bò mí, ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Mo rọra wó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjàrà olóko pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ lọ́rùn.

Òyìnbó sáré padà wá. Ó rò pé ọkàn mi ló fẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un, ó bi mí pé, “Ebi ń pa ìyá ẹ nítorí ẹ, ó wá ń pa ìwọ náà. Kí nìyẹn wá yanjú báyìí?”

Ó já búrẹ́dì lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ wọnú mi, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún búrẹ́dì. Mo ti kẹ̀kẹ́ dé abúlé tó wà lókè. Fóònù wà ní ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí, mo sì ní káàdì ìpè lápò. Àárọ̀ ni nílé. Màmá ló gbé e.

“Màmá, mi ò wá ṣiṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ni mo wá gùn. Mọ́tò mi ò bàjẹ́, iṣẹ́ mi ò bọ́. Mo kàn fẹ́ràn ẹ̀ ni.”

Mò ń gbọ́ ọmọ mi tó ń ṣe wótòwótò lẹ́yìn ẹ̀.

“Ṣé ibẹ̀ dáa?”

“Ó dáa, Màmá. Àjàrà ló kún gbogbo òkè.”

“Àjàrà inú Bíbélì?”

“Òun náà ni, Màmá.”

“Inú ẹ wá ń dùn?”

“Inú mi ń dùn, Màmá.”

Mo ti múra de èébú, mo ti to ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Kò bú mi. Ohùn ẹ̀ rọlẹ̀, bíi ti ẹni tó ti rẹ̀.

“Láti ìgbà tí mo ti bí ẹ, ohun tí mò ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run náà nìyẹn: kí inú ẹ máa dùn láìṣe pé ò ń sáré owó. Ó ti fún mi. Ìwọ lo gbé e pamọ́ fún mi, o ní kí n ṣì máa febi tọrọ ẹ̀.”

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́…”

“Jẹ́ kí n lọ po ògì mu.”

Ó gbé fóònù sílẹ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fóònù létí àti búrẹ́dì lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí mo lè bẹ̀ mọ́.