Káàdì tó wà nínú báàgì Mùíbátù

Ní ilé iṣẹ́ ọ̀rá kan ní Sángo Ọ̀tà, Nọ́ọ̀sì ni gbogbo òṣìṣẹ́ ń pe Mùíbátù Àjàlá. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó jókòó ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, kó gbọ́ tẹnu rẹ̀, kó sì bá a wá ọ̀nà àbáyọ. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n kọ “Olùgbaninímọ̀ràn” gàdàgbà sí ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Oṣù méjì gbáko, eṣinṣin nìkan ló ń wọlé. Ta ló fẹ́ kí wọ́n rí òun níbi tí wọ́n ti ń tún orí ṣe? Ló bá já àkọlé náà dànù, ó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wò. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n ti tò síta. Bó bá ti so rọ́bà mọ́ wọn lápá báyìí, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu wọn.

Wọn ò kọ́ ọ ní ọgbọ́n yìí nílé ìwé. Ara tirẹ̀ ló ti kọ́ ọ. Ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ìdí ẹ̀rọ ló wà ní ilé iṣẹ́ kan nílùú Agbára, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ rẹ̀ kejì. Oorun dá lójú rẹ̀. Orí rẹ̀ ń gbóná, ó ń ṣe é bíi pé èèrà ń rìn nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní ibà ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó bọ́ sí títì láìwọ bàtà, ó ń sunkún. Oṣù márùn-ún ni wọ́n fi gbé e kiri ilé àdúrà kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó gbé e lọ sí Aró, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta. Dókítà kan níbẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ títí tó fi tán nínú rẹ̀, kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Oògùn ràn án lọ́wọ́, ìjókòó yẹn náà ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó ní iṣẹ́ yẹn lòun náà máa ṣe. Ọdún mẹ́fà ló fi ń lọ sí yunifásítì ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ Aró fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ló ṣì ń lọ síbẹ̀, ó sì fi ọ̀rá dúdú wé káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ sísàlẹ̀ báàgì. Ẹ̀rù ń bà á gan-an. Bí wọ́n bá gbọ́, ta ni yóò tún jókòó sórí àga rẹ̀?

Bàbá Ruqoyah, ọmọ Ìwó tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ló ń bójú tó ẹ̀rọ tó ń gé ọ̀rá. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló wá wo ìfúnpá lọ́sẹ̀ kan, kò sì sóhun tó ṣe ìfúnpá rẹ̀. Ó tún padà wá ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún.

“Nọ́ọ̀sì, ẹ tún un wò. Ó ní láti jẹ́ pé mashíìnì yín ti bàjẹ́.”

“Mashíìnì mi ò bàjẹ́ o, Bàbá Ruqoyah. Ẹ má bínú, ìgbà wo lẹ sùn gbẹ̀yìn?”

Ó wolẹ̀. “Ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo kàn ń dijú ni. Láàárọ̀ yìí, mo wo ọ̀bẹ ẹ̀rọ yẹn, ó ṣe mí bíi kí n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.”

 Mùíbátù ní kó má padà sídìí ẹ̀rọ mọ́, pé dókítà Aró ló kàn.

“Aró kẹ̀? Kí wọ́n lè máa pe ọmọ mi lọ́mọ wèrè? Láéláé! Ẹ jẹ́ n máa lọ.”

Ó ti di ilẹ̀kùn mú. Mùíbátù ki ọwọ́ sínú báàgì, ó tú ọ̀rá dúdú, ó na káàdì sí i. 

Bàbá Ruqoyah kà á, ó tún un kà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀la ni Mùíbátù tún máa lọ.

“Ẹ̀yin? Ẹ ṣì ń lọ?”

“Mo ṣì ń lọ, bàbá.”

Ó padà jókòó.  “Níbo lẹ ti máa ń wọ mọ́tò?”

Mùíbátù bá ọ̀gá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n fi ẹlòmíràn sídìí ẹ̀rọ. Àbúrò Bàbá Ruqoyah wá mú un lọ sílé, kò sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀, bàbá àti Mùíbátù jọ wọ mọ́tò. Láti Sángo títí dé Abẹ́òkúta, bàbá fa fìlà bojú, kó má baà pàdé ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn wo àwọn méjèèjì, ó rí káàdì iṣẹ́ lọ́rùn Mùíbátù. “Ẹ kú iṣẹ́ ma. Ṣé ẹ̀yin lẹ mú wọn wá?”

Kó kàn ní bẹ́ẹ̀ ni ló rọrùn jù. Ṣùgbọ́n Mùíbátù yọ káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì.

“Àwa méjèèjì la wá gba ìtọ́jú,” ló wí.

Bàbá Ruqoyah ṣí fìlà kúrò lójú. “Fàlílù lorúkọ mi,” ó wí. “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.”