Kí A Tó Wọ Yàrá Ọmọ

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ìyà ń jẹ ni iṣẹ́ ìyàwó mi ní ìjọba ìbílẹ̀ wa, ní Ṣakí. Ọdún kan kó tó kú ló mú ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan wálé. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ ìbátan tó ń fi pàṣán tọ́ ọ ní abúlé kan lọ́nà Tẹ̀dé.

Kí ìyàwó mi tó wọ yàrá ọmọ náà, á kan ilẹ̀kùn. Tó bá fẹ́ fọwọ́ kan irun rẹ̀, á kọ́kọ́ sọ fún un. Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Ọ̀gá, nínú ilé ara rẹ, ọmọ lo ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa."

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú ìyàwó mi lọ. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, obìnrin kan láti ọ́fíìsì rẹ̀ wá kí mi. Ó ní òun á padà wá lópin oṣù. Bí ara ọmọ náà kò bá balẹ̀ lọ́dọ̀ èmi nìkan, wọ́n á mú un lọ sí ilé àwọn ọmọ ní Ìbàdàn.

Mo fẹ́ kó dúró. Àwa méjì péré ló kù tó mọ ìró ẹsẹ̀ ìyàwó mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ náà jókòó sẹ́yìnkùlé, kò fẹnu kan ẹ̀kọ rẹ̀. Mo ṣe ohun tí ìyá mi máa ń ṣe fún mi: mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì kì í. Mo rò pé orí rẹ̀ á wú. Ṣe ló kúnlẹ̀, tó fọwọ́ bo orí. Ìtọ̀ ń ṣàn sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Mo rìn yí ká lọ síbi tó ti lè rí mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí.

"Ní abúlé, wọ́n á kọ́kọ́ kì mí. Tí mo bá ti kúnlẹ̀, pàṣán ló kàn."

"Mi ò mọ̀," mo wí. "Mi ò ní kì ọ́ mọ́, àfi tí o bá ní kí n kì ọ́. Mo fẹ́ dìde báyìí, mo fẹ́ lọ bu omi wá fún ọ."

Ó mi orí pé kí n lọ. Ìgbà náà ni mo tó dìde.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kan ilẹ̀kùn. Bí kò bá dáhùn, màá padà sẹ́yìn.

Nígbà tí obìnrin ọ́fíìsì náà dé lópin oṣù, ó ní kí n bọ́ síta. Fèrèsé wà ní ṣíṣí.

"Ṣé o fẹ́ dúró lọ́dọ̀ bàbá?"

Ọmọ náà ní, "Ẹ̀bà tí wọ́n ń tẹ̀, kókó ló kún inú rẹ̀."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Kí ló tún kù?"

"Wọ́n máa ń kan ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ dúró."

Nígbà tó jáde, ó há fáìlì rẹ̀ sábẹ́ abíyá. "Bàbá, ẹ máa jẹ́ kí omi hó dáadáa kí ẹ tó da gàrí sí i."

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Ẹ̀bà mi ti ń dára díẹ̀díẹ̀. Ọmọ náà kò tíì ní kí n kì òun, èmi náà kò sì bèèrè.